Ọjọ́ Tí Mo Ṣi Ìṣirò Níwájú Àwọn Àlejò

Òórùn ṣọ́ọ̀kì tó ti fa omi òjò sára ni mo fi máa ń rántí kíláàsì mi ní Inísà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. NCE ni mo ní, ọmọ méjì sì wà lọ́wọ́ mi nílé ní Ìkìrun. Dìgírì ń wù mí bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n yunifásítì jìnnà, n ò sì lè fi iṣẹ́ àti ọmọ sílẹ̀.

Lásìkò náà ni kóléèjì tó kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́ ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà máa fúnni ní dìgírì lórúkọ ara òun, kí irú àwa wọ̀nyí lè máa fi ìsinmi kà á. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: “Dìgírì kóléèjì kẹ̀? Ta ló máa kà á sí?” Ìjọba wá ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé kan kọ́kọ́ lọ wo bí àwọn tí kóléèjì náà ti kọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ. Obìnrin ará Òkukù tó kọ́ mi ní ìṣirò níbẹ̀ ló dárúkọ mi fún wọn. Ó wá bá mi nílé, ó ní, “Má lọ ṣe àṣehàn fún wọn o. Ọmọ ni kí o kọ́.”

Àlejò mẹ́ta jókòó sẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ náà, hẹdimásítà wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gé ọsàn, mo gbé ìdajì dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́wọ́ òsì, mo ní kí a ro wọ́n pọ̀. Nígbà tí mo kọjú sí pátákó, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ àwọn àlejò tó wà lẹ́yìn mi, ni mo bá kọ méjì nínú mẹ́fà.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọsàn tó wà lọ́wọ́ yín ju ìyẹn lọ.”

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, pé ńṣe ni mo kàn ń dán wọn wò. N ò mọ ohun tó gbé e mì fún mi. Mo ní, “Òótọ́ lo sọ. Mo ṣì í ni. Wá fi hàn wá.” Ó jáde wá, ó gé ìdajì ọsàn náà sí méjì, ó kà á: mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Hẹdimásítà ń wo ilẹ̀.

Bí a ṣe jáde níléèwé, Òkukù ni mo gbà lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú olùkọ́ mi, mo ń sunkún. “Ẹ má bínú mà, mo ti ba ti kóléèjì jẹ́.” Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Dìde, kóo jẹun.”

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ìròyìn tó dé. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà kọ ọ́ pé ibi tí wọ́n bá ti kọ́ olùkọ́ láti gba àtúnṣe lọ́wọ́ ọmọ láì bínú, ó yẹ kí a fọkàn tán ibẹ̀. Ìjọba ò gbà kí dìgírì náà jẹ́ lórúkọ kóléèjì o. Abẹ́ yunifásítì kan ni wọ́n ní kí kóléèjì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó dun olùkọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi jó nínú yàrá. Ìsinmi lẹ́yìn ìsinmi ni mo fi kà á, láti ilé mi, títí mo fi gbà á.

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ilé ẹ̀kọ́ tó tó láti fúnni ní dìgírì. Wọ́n lè máa jiyàn wọn lọ. Obìnrin kan fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún mi nígbà tí kò tíì dájú pé mo tó bẹ́ẹ̀, mo sì ṣàṣìṣe, kò yọ orúkọ náà kúrò. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ mi lónìí, irú ìdúró yẹn ni mo ń bá a dúró.