Kókó Tó Kẹ̀yìn sí Pẹpẹ

Nínú ìjọ wa ní Òmù-Àrán, kò sí ohun kan tó gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí pẹpẹ. Bàbá Onígbàálẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn, ló sọ èyí di òfin, Ọlọ́run nìkan ló sì mọ ibi tó ti rí i. Àga, agboòrùn, bàtà àwọn akọrin, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ kọjú síbẹ̀. Aago ara ògiri pàápàá, ó gbé e kọjú sí pẹpẹ, tó fi jẹ́ pé àlùfáà nìkan ló ń rí i, àlùfáà kì í sì í wò ó.

Èmi ni mò ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ni Bàbá Ọ́gáànì. Láyé tí owó epo ń ṣàn, tí ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó kì í fi ọwọ́ òfìfo wálé, àwọn kan ra ọ́gáànì tí à ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí fún ìjọ, Bàbá ló sì jókòó tì í láti ọjọ́ náà. Rúlà ló fi kọ́ mi. Bí mo bá ṣì í tẹ̀, á gbá mi léegun ọwọ́, á ní, "Ẹ̀bùn, ṣé iyán lò ń gún ni?"

Nígbà tí ìlú wá le, eku jẹ inú ọ́gáànì náà tán, kò sì sẹ́ni tó ní agbára àtitún un ṣe. Àsìkò yẹn náà ni làkúrègbé mú Bàbá lọ́wọ́. Ìka ọ̀tún rẹ̀ mẹ́ta le gbandi, wọ́n yà síra bí àmúga, wọn ò sì ṣeé ká mọ́. Ó ń wá sí ìsìn, ó ń jókòó níwájú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin lórí dùùrù kékeré tí ìjọ yá, á ki ọwọ́ náà bọ àpò agbádá. Ó máa ń dùn mí láti wò ó.

Ẹ̀ńjíníà kan, ọmọ ìjọ wa tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó, ló kó ohun èlò tuntun dé: kọ̀ǹpútà kan, dùùrù pẹlẹbẹ kan tí kò lè dá dún fúnra rẹ̀, àti àpótí kékeré kan tó ní kókó mẹ́ta tí à ń yí bíi ti rédíò, tí ìlà funfun sì wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Okùn tí wọ́n ń pè ní MIDI ló so wọ́n pọ̀. Okùn náà kì í gbé ohùn, àṣẹ ló ń gbé. O yí kókó, okùn gbé ọ̀rọ̀ lọ, kọ̀ǹpútà ṣe bí o ṣe wí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú kọ̀ǹpútà náà ni àpẹ́jíétọ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń tú ohùn sí ẹyọ ẹyọ. Bí a bá tẹ ohùn mẹ́ta pọ̀, kò ní gbé wọn mì lódindi. Á máa bù wọ́n ní òkèlè òkèlè, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí a ó fi gbọ́wọ́ kúrò. Kókó mẹ́ta yẹn ni mo fi ń darí rẹ̀. Èkíní ń sọ bí yóò ṣe yára jẹun tó: sọ́tùn-ún, á sáré; sósì, á rọlẹ̀. Èkejì ń sọ bí ohùn yóò ṣe gòkè tó. Ẹ̀kẹta ni ìdìmú: bí a bá yí i sọ́tùn-ún, tí a tilẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀rọ náà kò ní dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá wá wo ohun tí à ń ṣe, ó gbàgbé, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì. Mo wo ìka mẹ́ta tó yà síra yẹn. Bí ohùn mẹ́ta ṣe ń jìnnà síra lórí dùùrù gan-an nìyẹn! Mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́ gbé ọwọ́ náà lé dùùrù. Bí ìka kan bọ́tìnnì báyìí, orin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bàbá fa ọwọ́ yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Ta ló ń tẹ ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìka mi ò mà mira."

"Kò nílò kó mira, sà. Ẹ ṣáà gbé e síbẹ̀, kí ẹ máa gbé e kiri."

Ó gbé e padà. Nígbà tó yá, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó ní òun yóò tẹ orin ìparí ìsìn lọ́jọ́ ìkórè, lẹ́yìn náà òun yóò fa àga ẹni tó ń tẹ dùùrù lé mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ìjọ. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, Ẹ̀bùn. Kí n má kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé."

Orin náà, orin jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí Bàbá ṣì ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá mi èjìká sí i, Bàbá á dá orin dúró, á máa wo onítọ̀hún títí tí yóò fi jókòó.

Ọjọ́ ìkórè pé, kò síná. Epo bẹntiróòlù wọ́n lásìkò náà, Bàbá Onígbàálẹ̀ sì rìn dé ìlú Rore kó tó rí ìwọ̀nba tó bù sínú jẹnẹrétọ̀. Ó ní yóò tó, bí àlùfáà kò bá wàásù pẹ́. Àlùfáà ṣèlérí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Édẹ́nì, nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Nóà, ewúrẹ́ tí wọ́n mú wá ṣọrẹ ti jẹ ewé ara ògiri tán.

Bàbá Ọ́gáànì dìde, ó jókòó ti dùùrù, ó gbé ìka lé e. Háà! Orin bẹ́ jáde bí eku tó ń sáré lórí àjà. Mo wo àpótí: kókó gbogbo ti ń dán, gbogbo wọn ti kọjú sí ọ̀tún, níbi tí pẹpẹ wà. Bàbá Onígbàálẹ̀ ti nu wọ́n láàárọ̀, ó sì ti tún ìwà wọn ṣe.

Inú ìjọ dùn. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbéṣu rù, wọ́n jó jáde. Mo sáré yí kókó èkíní sósì, orin rọlẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ìyá sì há sókè, wọ́n dà bí ère òkúta ìlú Ẹ̀sìẹ́. Ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn mi, ó yí i padà sọ́tùn-ún. Àwọn ìyá tún gbéra.

"Bàbá Onígbàálẹ̀, kí lẹ ń ṣe?"

"Ó kẹ̀yìn sí pẹpẹ."

"Orin lẹ ń yí yẹn, Bàbá!"

"Kí orin náà kọjú sí pẹpẹ."

Mo yí i, ó yí i. Orin ń rìn, orin ń sáré, iṣu ń já bọ́. Nígbà náà ni Bàbá Ọ́gáànì wò mí. "Ẹ̀bùn, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo bá gbé àpótí náà lódindi, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ọwọ́ òsì kókó wá bọ́ sí ìhà pẹpẹ. Mo yí èkíní àti èkejì síbẹ̀. Orin rọ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá Onígbàálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó mi orí pé ó dára. "Báyìí ló yẹ kí ẹ ti máa ṣe é."

Àwọn ìyá jókòó fúnra wọn. Bàbá ń gbé ọwọ́ tó ti kú láti ibì kan dé ibòmíràn, orin rẹ̀ àtijọ́ sì ń jáde bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Mo sunkún, n kò tijú. Nígbà tó parí, ó gbọ́wọ́ kúrò. Orin kò dákẹ́. N kò tíì yí kókó kẹta.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lófuurufú. "Mo ti gbọ́wọ́ kúrò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ṣì ń lọ."

"Kò ní dákẹ́, sà, àfi bí ẹnì kan bá pa á."

Bàbá Onígbàálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kókó kẹta kẹ̀yìn sí pẹpẹ, ó ti nawọ́ sí i.

"Fi sílẹ̀!" Bàbá Ọ́gáànì kígbe mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó ní jẹ́jẹ́, "Ẹ jẹ́ kí n délé ná."

Ó mú ọ̀pá, ó ti àga náà sọ́dọ̀ mi, ó gba àárín ìjọ kọjá, ó jáde. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ arúgbó ni. Gbogbo wa dìde dúró, orin ọwọ́ rẹ̀ ń sìn ín lọ. Òógùn bo Bàbá Onígbàálẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó yọ háńkáṣíìfù, ó fi bo kókó náà, kí pẹpẹ má baà rí i. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó kú.

Mo sáré lọ. Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́.

"Ta ló pa á?"

"Epo ló tán, sà."

Ó mí kanlẹ̀, ó rọra gbé bàtà náà sílẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ pé ìwọ lo pa á."