Ẹni Tó Ń Ṣí Ìwé Mi Síwájú

Ẹ ní ìwé wo ni mò ń kà? Èyí tí Ràímì ẹ̀gbọ́n mi rà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà níbí ni. Kò kà á tán tó fi kú.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi ń sàmì síbi tí mo bá kà dé. Ojoojúmọ́ lẹnì kan ń gbé e síwájú!

Lónìí, mo ká Ìyá wa mọ́ ọn. Ìyá tí wọn ò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí!

"Ìyá, kí lẹ ń wá nínú ìwé?"

"Mò ń bá Ràímì ṣí i ni. Ewé kan lóòjọ́. Ṣé o fẹ́ kó dúró sójú kan ni?"

Mo ṣí ìwé náà wò.

Ó ku ewé mẹ́ta. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni Ìyá ó wá máa ṣí lọ́jọ́ kẹrin?