Oṣù Tí Kò Yọ Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀

Láti Ọ̀jọ́ta títí dé Mile 12, bí ẹ bá ní kí gbogbo obìnrin tó fi ojú sánmà ṣe ọ̀nà oko jáde síta, Nimat ọmọ Yàkúbù ni yóò ṣíwájú wọn. Họ́ọ̀sítẹ́ẹ̀sì ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ òfuurufú. Lọ́jọ́ kan tí bàálù ń mì jìgìjìgì lókè Lọ́kọ́ja, tí olóṣèlú gẹ̀rẹ̀jẹ̀ kan ti ń ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, ẹ̀rín kan ṣoṣo ni Nimat rín sí i, ọkùnrin náà sùn lọ fọnfọn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìjì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rẹ olóṣèlú lẹ́kún kò rí ti bàbá tó bí i ṣe. Yàkúbù, ará Ìsẹ́yìn tó ń ṣe àga oní-fóòmù ní Ìkòsí, ní àṣà kan tí kì í yẹ̀. Bí wọ́n bá ti Yídì dé lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, yóò jókòó sórí àga ńlá tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ yóò sì wá kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún àdúrà ọdún, bí ìyá wọn ṣe bí wọn tẹ̀ lé ara. Àkọ́bí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí àkọ́bí ò bá kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kúnlẹ̀. Nimat sì ni àkọ́bí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti wà lójú sánmà lọ́jọ́ ọdún, ọdún mẹ́ta gbáko ni Yàkúbù sì ti dá jókòó sórí àga rẹ̀ bí ọba tí ìlú sá fún, tí ìrẹsì ń tutù nínú abọ́.

Mojeed, àbúrò Nimat tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Kétu, kì í yé ṣàròyé. "Aunty Nimat, ọdún kẹta rèé tí àdúrà ò kàn mí. Táyà mi tó ń bẹ́ lójoojúmọ́ yìí, ẹ̀yin lẹ fà á."

"Ìṣó tó wà ní títì ló fà á," Nimat á dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kúrò ní yẹ̀yẹ́ nígbà tí ààwẹ̀ dé ìdajì. Yàkúbù mu omi ìṣínu, ó nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní: "Bí àkọ́bí mi ò bá sí nílé lọ́dún yìí, n kò tún ní jókòó sórí àga yẹn mọ́ láéláé. Kí kálukú máa lọ gbàdúrà tiẹ̀ lọ́dọ̀ lèmọ́mù."

Kò pariwo. Àìpariwo yẹn ló dun Nimat jù.

Ọ̀nà àbáyọ sì wà. Níbi iṣẹ́ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ara wọn ṣàdéhùn: lọ́jọ́ Kérésì, Mùsùlùmí á fò dípò Kìrìsìtẹ́nì, lọ́jọ́ ọdún Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì á ṣe bẹ́ẹ̀ padà. Kérésì tó kọjá, Nimat ló fò lọ sí Kánò dípò Catherine, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Ògùdù. Ó wá kan Catherine. Àmọ́ rọ́sítà, ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́, máa ń jáde kí oṣù tó yọ, ọ̀gá tó ń ṣe é kì í sì í gba "bóyá". Ọjọ́ pàtó ló ń gbà. Nimat bá gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó rí ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fi pupa kọ. Ó ní Jímọ̀ lọdún. Catherine gba iṣẹ́ Jímọ̀ fún un. Iṣẹ́ àárọ̀ Sátidé, ti Àbújá, wà lọ́rùn Nimat.

Ẹ ò rí ọmọ Mùsùlùmí tó gbọ́kàn lé kàlẹ́ńdà, tó gbàgbé oṣù!

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo Ìkòsí gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro wọ́n. Kùrukùru bo ojú ọ̀run. Kò pẹ́, rédíò kéde: oṣù kò yọ. Ọ̀la náà, ààwẹ̀ ni. Sátidé lọdún.

Nimat fa fóònù yọ. "Catherine, mo kú! Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n fò ti ọ̀la fúnra mi, kí o bá mi fò ti Sátidé."

"Sátidé kẹ̀? Ìgbéyàwó àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú ńkọ́? Èmi ni n ó mú ìyàwó wọlé! Nimat, abeg, kí ló dé tí ẹ̀yin Mùsùlùmí ò kúkú mọ ọjọ́ ọdún yín?"

"Lọ bi oṣù."

"Oṣù ò ní fóònù."

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Jímọ̀ ṣe mọ́ bá Nimat nílé. Ó fi Kérésì ra ìsinmi, ó wá ń fi ìsinmi gbààwẹ̀. Yàkúbù kò wo ojú rẹ̀ látàárọ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí wọ́n pe ìrun, tí Bàrákátù ìyá wọn gbé kókó àti àkàrà kalẹ̀, Nimat rí i pé bàbá ti fa àga ńlá sí kọ̀rọ̀, ó ti fi aṣọ bò ó bí òkú.

Ó dìde. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán, ó rín ẹ̀rín tó fi ń bá èrò tó kọ̀ tí kò de bẹ́líìtì sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo là ń pè ní òru Jímọ̀?"

"Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí kì í ṣe alẹ́ Jímọ̀ fúnra rẹ̀?"

"Nítorí pé lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ kejì ti wọlé nìyẹn."

"Oòrùn ti wọ̀, Bàbá."

Yàkúbù yọjú lójú fèrèsé, ó wo ojú ọ̀run. "A ò tíì kírun ọdún."

"Ti lèmọ́mù nìyẹn. Àdúrà orí àga, tiyín ni."

Bàrákátù bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Nimat, ẹ dá ọmọ lóhùn. Àbí ẹ ń retí kó bu tíì fún yín kẹ́ ẹ tó gbà?"

Bàbá gbé abọ́ kókó rẹ̀ kalẹ̀. "Kò burú. Ọdún ti dé. Ṣùgbọ́n n kì í ṣàdúrà ọdún nínú ilé tí kò ní òórùn ẹran. Adìẹ dà?"

Adìẹ ọdún ṣì wà láàyè lẹ́yìnkùlé, ìdè rẹ̀ sì ti tú. Bí Mojeed ṣe na ọwọ́ sí i ni àkùkọ náà gbéra, ó gba orí kẹ̀kẹ́ kọjá, ó bà sórí páànù ilé kejì, páànù náà sì dún dé Kétu.

"Aunty, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà òfuurufú!" Mojeed ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ bá mi pè é kó balẹ̀!"

Àgbàdo ni Nimat fi pè é. Nígbà tí ata ti ń ta sánsán, Yàkúbù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí aṣọ kúrò lórí àga, ó jókòó. Nimat kúnlẹ̀, Mojeed kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí àkọ́bí rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́hun gbé e lọ sí Àbújá láàárọ̀ ọ̀la, kí Ó gbé e bọ̀. Ó ṣàdúrà fún awakọ̀ òfuurufú, ó ṣe fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti apá rẹ̀, ó ṣe fún Catherine àti ìyàwó ojú ọ̀nà tó wà ní Ìjẹ̀bú, ó bọ́ sórí àwọn ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń balẹ̀ sí, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúnkún ń ro Mojeed. "Bàbá, ẹ rántí pé a wà lẹ́yìn o!"

"Panu mọ́," ni Yàkúbù wí, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí ọmọ. "N kò tíì dé Yólà."