Ìwé kan ní mi ò gbéyàwó rí

Ọ̀rọ̀ akọ̀wé kan rí mi lára lónìí.

Ọmọ mi obìnrin ní kí n wá kí òun ní Jámánì. Akọ̀wé tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù físà ní Mahintedo kọ "ledig" síwájú orúkọ mi.

Ọmọ mi rí i lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹni tí kò gbéyàwó rí nìyẹn. 'Verwitwet' ni ẹni tíyàwó rẹ̀ ti kú."

Akọ̀wé ní, "Bàbá, ọ̀kan náà ni. Ṣebí ẹ ò níyàwó nílé?"

Mo ní, "Bí ìyá rẹ bá kú, ṣé wọn ò bí ọ nìyẹn?"

Òkun ti gbé sàréè ìyàwó mi lọ ní Abereke. Ìwé ò ní gbé ìyókù.

N kò tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù náà.

Ẹ̀yin tíyàwó yín ti kú, ṣé ẹ̀yin á tẹ̀ka sí i?