Omi Ẹbu Tí Mo Dà Sínú Ọ̀gọ̀dọ̀

Òórùn epo pupa tó ń hó ló máa ń jí mi ní òwúrọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nílé wa ní Ko-Koumolou. Kí n tó bọ́jú, màmá mi á ti máa sẹ́ omi mímu. Á ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìkòkò, á wá máa da omi ọ̀gọ̀dọ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Èmi á bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ohun tó ń kù lórí aṣọ ni mo fẹ́ rí: àwọn ẹran omi kéékèèké, wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Oníjó làwa ọmọdé ń pè wọ́n. Màmá mi á ṣan aṣọ náà sínú igbá, á ní kí n lọ dá wọn padà sómi. "Àwọn lẹja ń jẹ," ló máa ń wí.

Ọ̀gọ̀dọ̀ yẹn kò jìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, àgbàlagbà lè rìn ín já kí omi má sì dé orúnkún rẹ̀. Síbẹ̀ gbogbo agboolé ló ń jẹ lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá pẹja níbẹ̀. Ó di ọjọ́ tí àwọn àgbà bá dá, nígbà tí omi bá fà, kí tọkùnrin tobìnrin tó jọ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì pín ẹja náà láti ojúlé dé ojúlé. Èèwọ̀ sì wà: omi tí a fi rẹ gbágùúdá àti omi ẹbu epo kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ẹbu màmá mi wà lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá ti gún ẹyìn, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì kó epo ojú rẹ̀ kúrò, omi pípọ́n kan tó ki bí ọbẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ tèmi ni láti rù ú lọ sí kòtò tó wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lókè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ọ̀nà jìn, omi náà ń ta sí mi lọ́rùn, olùkọ́ wa kì í sì í gba àwáwí lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́. Ọ̀gọ̀dọ̀ ló sún mọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo da garawa kan síbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ni mo bá sọ ọ́ di àṣà fún odidi oṣù kan.

"Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù," màmá mi á wí, bó bá ti rí i pé mo tètè parí iṣẹ́. Ó ń yìn mí, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn oníjó ló kọ́kọ́ lọ. Kò sí ohun tó ń ta lórí aṣọ mọ́. Mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i, mo sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi ṣú, ó ń rùn, títí di òwúrọ̀ tí ẹja kún ojú rẹ̀, ikùn wọn lókè. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a jọ pẹja.

Ìyá Ràáfíù ni wọ́n dá lẹ́bi. Àbúrò bàbá mi ló fẹ́ ẹ wá láti Tchaada. Gbágùúdá ló ń rẹ tà, ìkòkò rẹ̀ kò sì jìnnà sétí omi. Wọ́n pè é síwájú àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin bàbá, mo fi ọmọ mi búra," ó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Kòtò ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mò ń da tèmi sí. Ẹ lọ wò ó."

"Ta ló wá pa ẹja, Ìyàwó? Àwọn ló para wọn?" bàbá mi àgbà bi í. Kò sẹ́ni tó lọ wo kòtò.

Mo wà láàárín àwọn ọmọ tó ń wòran. Mo la ẹnu, mo wo ojú màmá mi, mo pa á dé. Wọ́n ní kí Ìyá Ràáfíù má pọn omi níbẹ̀ mọ́. Odò kan lójú ọ̀nà Igolo ló wá ń lọ, ti òun ti Ràáfíù lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá pàdé mi, á ní, "Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Ojú ń tì mí débi pé inú oko ni mo wá ń gbà. Èmi ni mo da omi síwájú, ẹlòmíràn ló tẹ ẹrẹ̀ rẹ̀.

Lónìí, iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há ni mo fi ń kó àwọn ẹran omi kéékèèké wọ̀nyí, tí mo sì ń wò wọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mo ti wá mọ ohun tí mo ṣe. Omi tí kò jìn kò ní ibi tí wọ́n lè sá sí: oòrùn a máa mú un gbóná dé ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a dín kù, ohun tó bá sì ń jẹrà níbẹ̀ a gba èyí tó ṣẹ́ kù. Àwọn kan nínú wọn lè fara dà á. Àwọn tó tóbi díẹ̀, tí ẹja fẹ́ràn, ni kì í lè fara dà á.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọ̀gọ̀dọ̀. Ìyá Ràáfíù jókòó níwájú, irun rẹ̀ ti funfun. Mo ṣàlàyé pé omi ẹbu ló pa ẹja ọjọ́sí, kì í ṣe omi gbágùúdá. Ó dìde, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé?"

Bàbá kan fi èdè Faransé bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀-bẹ́n, omi ẹbu ta ni?"

"Gbogbo wa ni, bàbá," mo dáhùn. "Àwa ènìyàn la máa ń ba omi jẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ̀rù pàṣán ló pa ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn lẹ́nu mọ́, mo sì lè forí jì í. Èmi àgbàlagbà tí mo dúró síwájú wọn lọ́jọ́ ìpàdé náà, kò sẹ́ni tó lè nà mí. Màmá mi pàápàá ti kú. Nígbà tí mo ń lọ, Ìyá Ràáfíù gba ẹrù mi lọ́wọ́ mi, ó ní ọmọ tó wẹ òun mọ́ kò gbọdọ̀ ru ẹrù lójú òun. Ó gbé e lérí, ó ń súre fún mi títí a fi dé ìdí ọkọ̀, mo sì jẹ́ kó rù ú.