Ọkọ Mi, Ọ̀gá Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Tí Kò Rí Òkun Rí

Ó dìgbà ná, Bàbá Fẹ́mi! Èmi Àyìnkẹ́, ìyàwó yín, ni mo dúró ti pósí yín tí mò ń mi orí. Ọmọ ìlú Ajue tó kọ oko kòkó bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń tẹ̀wé fún aráyé ní Òrè! Ọlọ́yàyà èèyàn, onísùúrù sí gbogbo ayé, ẹni tó tán mi ní sùúrù!

Nígbà ayé ológun, tí ìlú le, tí à ń jẹ ẹ̀bà láìlẹ́ran, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ẹ fi ń tẹ̀wé lẹ sọ di ọkọ̀ ogun. Àbúrò yín ló mú géèmù ọkọ̀ abẹ́ omi wá láti Èkó. Ká ní ẹ kàn ń fi ṣeré ni, ìbá yé mi. Ẹ kó Àlàájì Múfú, awakọ̀ tí kò rí epo wakọ̀, àti Tíṣà Orímisan, tí ìyanṣẹ́lódì lé kúrò ní kíláàsì, sínú yàrá ẹ̀yìn. Ẹ fi tapólì bo fèrèsé. Ẹ pa fáànù, ẹ ní kò sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ omi. Àlàájì ń tukọ̀, Tíṣà ń fetí sí ìró ọ̀tá. Bí mo bá kanlẹ̀kùn, ẹ ó ní, "Olóúnjẹ ọkọ̀, rọra! Ọ̀tá wà lókè wa." Lókè wo? Páànù ló wà lókè wa!

Mo kìlọ̀ títí, ẹ̀rín lẹ fi ń dá mi lóhùn. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ gbàgbé ara yín, ẹ pariwo: "Ẹ yìnbọn! Ọkọ̀ ọ̀gágun nìyẹn, ẹ rì í!" Ẹnì kan tó ń kọjá gbọ́, ó lọ sọ pé wọ́n ń dìtẹ̀ gbàjọba nílé wa. Kò pẹ́, sójà kún ilé. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní eré ni. Wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn! Ẹ fìka lé ètè: "Ẹ dákẹ́, wọ́n á gbọ́ wa." Wọ́n kó ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, wọ́n fi yín kúnlẹ̀ nínú oòrùn.

Èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà rù, tí mo sọdá títì márosẹ̀ lọ bá ọ̀gá wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe eré náà lójú yín." Ẹ jókòó pẹ̀lú orúnkún bíbó, ẹ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn sójà ń rọra mí, ọ̀gá wọn sì ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé wọ́n ti lọ?" Ẹ ní, "Ẹ dákẹ́ ná, sà." Sí ọ̀gá sójà! Wọ́n tú yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò bá wa délé.

Mo ní ó parí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà sára páálí, ẹ fa tapólì bo fèrèsé, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún rì. Mo gbaná jẹ. Tíṣà ló jáde wá bẹ̀ mí: "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Níta, a ò mọ ibi tí àwọn ológun ń wà wá lọ. Níbí, ọkọ yín máa ń béèrè lọ́wọ́ wa kó tó yí ọkọ̀." Mo lọ gúnyán fún yín.

Ọkọ mi, lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ẹ tún wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé. Mo ń kùn, mo sì ń nu ipasẹ̀ yín nílẹ̀, láìmọ̀ pé ẹ ti dákẹ́ lórí àga. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má nù ún.

Ẹ sùn re o, olówó orí mi.