Kaba Tí Wọ́n Yí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Síwájú

Wọ́n ní obìnrin aránṣọ tó wà ní ìkángun òpópónà yẹn ní ojú kẹta ní ìpàkọ́. Kì í ṣe àpá, kì í ṣe eéwo tó fara jọ ojú o. Ojú gidi ni wọ́n wí, tó ní ìpéǹpéjú, tó ń ṣẹ́jú, tó sì ń yọ ipin láàárọ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tó wà níwájú. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí kì í fi í dirun sókè. Wọ́n ní tí méjì iwájú bá ń sùn, ti ẹ̀yìn a máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan tiẹ̀ búra pé òun bá a níbi tó ti ń lé tìróò sí i.

Ẹni tó bí ọ̀rọ̀ yìí, tó wẹ̀ ẹ́, tó sì gbé e pọ̀n jáde ni onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò nílò bátìrì, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Lọ́jọ́ kan, Rédíò yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ láti “yá” sísọ́ọ̀sì. Aránṣọ kọ̀yìn sí i, ó tẹ̀ mọ́ maṣíìnì, kò sì yíjú padà rárá tó fi sọ pé, “Rédíò, gbé èyí tó mú yẹn sílẹ̀. Èyí tó wà létí fèrèsé ni kó o mú. Kó o sì yọ búrẹ́dì tó há sí ọ léyín.” Rédíò sá jáde bí ẹni tí àgbò kàn. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ojú ti hù.

Òtítọ́ ibẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Dígí gbọọrọ kan ló wà lára ògiri iwájú maṣíìnì rẹ̀, tí igun rẹ̀ kan ti sán. Aránṣọ a kọjú sí dígí, a kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn, gbogbo òpópónà a sì máa kọjá lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó yí ọrùn. Kì í ṣe àtojúbọ̀ ló sún un débẹ̀, iṣẹ́ ni. Ẹ̀yìn ló ń tà. Iwájú kaba rẹ̀ kì í ní nǹkan kan, ó máa ń mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọrùn dé ìbàdí lẹ́yìn, bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ ló tò bí èèrà tó ń relé. Ẹni tó bá ti rí ìlà bọ́tìnnì yẹn ti mọ ẹni tó rán an. Nínú ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ iṣẹ́ náà sí i: Ọwọ́ Bàámi.

Àwọn oníbàárà rò pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Rárá o. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀, ìka rẹ̀ sì nípọn débi pé tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá rò pé ẹni méjì ló kí ọ. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ayé, kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, yóò dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, yóò yọ ahọ́n síta díẹ̀, yóò sì máa de bọ́tìnnì kaba rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń de nọ́ọ̀tì. Tó bá ti dé òkè, yóò fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

“Ó ti le. Ọkọ̀ lè gbéra.”

“Ta ni ọkọ̀?” ni ìyàwó máa ń bi í, ọmọ wọn tó jókòó lórí ibùsùn a sì rẹ́rìn-ín títí yóò fi yí ṣubú.

Nígbà tí bàbá kú, kaba oníbọ́tìnnì lẹ́yìn ni ohun tí ọmọ yìí kọ́kọ́ rán fún ìyá rẹ̀. Ó rán èkejì, ẹnìkan rà á. Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn mìíràn gbé fọ́tò bàbá wọn kọ́ ògiri. Òun gbé ti tirẹ̀ sí ẹ̀yìn àwọn obìnrin, ó sì ń wò ó tó ń kọjá nínú dígí.

Àfi lọ́jọ́ tí dígí fi ohun kan hàn án tó mú kó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Obìnrin kan wọ kaba Ọwọ́ Bàámi, ìlà bọ́tìnnì ń dán yanran. Bọ́tìnnì ni aránṣọ rí, nítorí náà ó mọ̀ pé ẹni náà ń lọ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń tóbi sí i. Ẹni tó ń lọ kì í tóbi sí i! Ó kọ́kọ́ rò pé dígí ló ya wèrè. Ó wá yí ọrùn padà, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé. Obìnrin náà àti bọ́tìnnì rẹ̀ jọ ń bọ̀ níwájú ni. Ó yí kaba wọ̀.

Àṣìṣe ni, aránṣọ sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kọjá, òun náà yí i. Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó yí i. Tíṣà kan kọjá, ó yí i, ó tún so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn kó lè bá bọ́tìnnì mu. Nígbà tó yá, ó dà bíi pé gbogbo obìnrin ìlú ti bá ẹ̀yìn ara wọn jà. Aránṣọ mú bébà, ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: Ẹ̀YÌN NI BỌ́TÌNNÌ Ń GBÉ. Kò tu irun kan lára ẹnikẹ́ni. Ó bá bọ́ sí títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá oníbàárà dúró bíi ọlọ́pàá. Ní ìkóríta, ó mú akọ̀wé báǹkì kan.

“Àbúrò, jọ̀ọ́, aṣọ ẹ ti kọjú sẹ́yìn.”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“O mọ̀, o sì jáde?”

“Bó ṣe rọ̀ mí lọ́rùn nìyẹn.”

“Ṣé gìgísẹ̀ bàtà ẹ náà, ọ̀nà iwájú lo máa ń kọ ọ́ sí ni?”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n máa lọ. Mo ti pẹ́.”

Àgbà obìnrin tó ń bá a gbẹ́ ihò bọ́tìnnì, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Abẹ́rẹ́, rí i bó ṣe fajú ro wọlé.

“Níwájú ni wọ́n fẹ́ ẹ,” Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní. “Gbé e síwájú fún wọn, ká sinmi.”

“Àǹtí, tí mo bá gbé e síwájú, kí ló kù tó jẹ́ tèmi? Ta ni kì í rán oníbọ́tìnnì níwájú? Ẹni tó bá lè de aṣọ ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ọwọ́ bàbá ẹnikẹ́ni ṣe?”

Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi eyín já òwú. “Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lọ bi wọ́n.”

Dípò kó bi wọ́n, ó lọ fẹjọ́ wọn sun ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi tó máa ń lọ síbẹ̀, kò sì sọ tẹ́lẹ̀. Ìyá ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kaba àkọ́kọ́ yẹn ló wọ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá. Bọ́tìnnì tò láti ọrùn rẹ̀ wá sí ìbàdí, níwájú, gbọnrangandan.

“Màámi! Ẹ̀yin náà?”

“Èmi náà kí ni? Wọlé kí eṣinṣin tó ṣáájú ẹ.”

“Ẹ yí kaba wọ̀.”

“Mo mọ̀. Ọjọ́ tó o bá ń bọ̀ ni mo máa ń wọ súwẹ́tà bò ó.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tó o ti gbé e fún mi.”

Aránṣọ jókòó sórí àpótí ẹnu ọ̀nà. Ìyá ń gbálẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn tó ń dún. “Mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo fi ìkọ́ aṣọ fà á, ìkọ́ há sí mi lẹ́yìn, mo wá ń kiri ilé bí ẹja tó gbé ìwọ̀ mì. Mo lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kó bá mi dè é. Ó ṣe é. Mo tún lọ, ó tún ṣe é. Nígbà tó yá, tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á pa tẹlifíṣọ̀n, á di mímí mú.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?”

“Kí n máa pè ẹ́ láràárọ̀, kó o wá máa de aṣọ tó o rán láti fi tù mí nínú? Ọmọ mi, ọwọ́ tí aṣọ yìí ń béèrè kò sí nílé mọ́. Mi ò sì fẹ́ kó lọ sùn sínú àpótí aṣọ. Mo bá yí i.” Ó gbọn ìgbálẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. “Ọmọbìnrin tó ń gbé lókè wa, akọ̀wé báǹkì kan, ló rí mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, ‘Màámi, àṣé ó ṣeé wọ̀ bẹ́ẹ̀?’ Òun nìkan ló ń gbé. Ó ní ìdajì bọ́tìnnì ni òun máa ń dè dé ibi iṣẹ́, tí òun á wá máa wojú ẹni tí òun lè bẹ̀.”

Aránṣọ rántí ẹ̀rín tí kò dé ojú. Nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Tíṣà onílẹ̀kẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ẹ̀yìn tó kọjá nínú dígí ló mọ̀, èyí tó tẹ̀, èyí tó nà, èyí tí èjìká rẹ̀ kò dọ́gba; kò bi ìkankan rí pé, ta ló bá ọ dè é láàárọ̀ yìí?

Bọ́tìnnì òkè pátápátá ti tú lọ́rùn ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti bá a dè é, ṣùgbọ́n ìyá ti ṣáájú rẹ̀. Ó dè é, ó fọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀ pẹ́pẹ́.

“Ó ti le. Ọkọ̀ lè gbéra.” Ó wo ọmọ rẹ̀. “Èmi àti èmi la jọ máa ń sọ ọ́ báyìí.”

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó fa bébà ẹnu ilẹ̀kùn ya. Ó gé kaba tuntun, ó kó bọ́tìnnì wá síwájú, ó sì mú èyí tó tóbi díẹ̀, tí ìka tó ń dun ènìyàn lè mú. Orúkọ tó wà lọ́rùn aṣọ nìkan ni kò yí padà. Kaba náà tàn bí iná ẹ̀ẹ̀rùn, débi pé àwọn tó ní ọkọ, tó ní ọmọ, tó ní ọwọ́ rẹpẹtẹ nílé náà ń rà á.

Ojú ìpàkọ́ wá gba oyè. Rédíò ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn obìnrin tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun: “Ṣẹ́ ẹ rí i? Ojú yẹn ló fi rí i kí aráyé tó ronú kàn án! Òun ló dá àṣà yẹn sílẹ̀ látinú orí rẹ̀, láti ẹ̀yìn orí gan-an!”

Ibẹ̀ ni aránṣọ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí àga Rédíò, ó kọ̀yìn sí gbogbo wọn, ó gbé irun rẹ̀ sókè.

“Rédíò, mú iná wá. Wò ó dáadáa. Kí lo rí?”

Rédíò tẹjú mọ́ ọn, ó fi ìyarun tú u síhìn-ín, ó tú u sọ́hùn-ún. “Òógùn,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

“Dígí ni mo fi ń rí yín. Ibi tẹ́ ẹ ti parọ́ nìyẹn. Òótọ́ tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni mo ń wò, ẹ̀yìn nìkan, mi ò wo ẹni tó ni ín.” Ó jẹ́ kí irun rẹ̀ wálẹ̀, ó sì yí àga padà kó lè kojú wọn. “Èmi kọ́ ni mo yí kaba yẹn. Mo bá a jà ní títì, ẹ̀yin náà rí mi. Ìyá mi ló yí i, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa bá a dè é mọ́. Ìyẹn ni kó o gbé sáfẹ́fẹ́.”

Rédíò pọ́n ètè lá.

“Ṣé mo lè fi díẹ̀ kún un?”

“Má fi iyọ̀ kankan sí i.”